Etí adágún Ọ̀pá ò ṣeé fojú wọ̀n

Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn létí adágún Ọ̀pá ní Ilé-Ifẹ̀, kó má fojú wọn ọ̀nà rárá. Tẹ́ẹ bá dúró lórí dáàmù, ẹ óò rò pé ẹ lè pariwo kí ẹ́nì kan lódìkejì kó sì dá yín lóhùn. Ẹ óò máa rí ọ̀pẹ tó wà lọ́hùn-ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kódà tẹ́nì kan bá dúró sábẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí àwọ̀ aṣọ tó wọ̀. Ọkàn yín á ní, “Ṣé eléyìí náà? Kí la fẹ́ rìn níbẹ̀ tó máa pẹ́?” Irọ́ gbuu ni ọkàn ń pa. Omi yẹn ò fẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ etí rẹ̀ gùn jàn-ànràn.

Odò lásán ni Ọ̀pá tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1978 ni wọ́n mọ dáàmù dí i lọ́nà, kí yunifásítì lè rí omi lò. Nígbà tí odò ò rí ibi ṣàn gbà mọ́, ńṣe ló ń wú, ó ń padà sẹ́yìn gba àfonífojì tó ti wá, ó sì ń ya wọ gbogbo àfonífojì kéékèèké tí àwọn odò wẹ́wẹ́ ń gbà wá bá a. Ibikíbi tí odò kékeré kan bá ti ń ṣàn wọ Ọ̀pá rí, omi ti na ọwọ́ wọ ibẹ̀ báyìí. Ẹni tó ń rìn létí rẹ̀ ní láti bá ọwọ́ kọ̀ọ̀kan wọlé títí dé ibi tó parí sí, kó yí po, kó tún bá ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Lékèélékèé á fò é kọjá kéèyàn tó ṣẹ́jú. Ìwọ tó ń fẹsẹ̀ rìn, òógùn á ti bò ọ́ kó o tó dé ibi tí lékèélékèé bà sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní yunifásítì ló là á yé mi bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì mú wa lọ.

Aṣọ ni mò ń tà ní Láágéré. Ẹ mọ ẹni tó ń tajà, orí ìjókòó ló ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ti ń ru, ó ní oògùn nìkan ò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe, pé kí n máa rìn. Èmi àti aládùúgbò mi, Ìyá Ìbejì, la jọ bẹ̀rẹ̀. A kọ́kọ́ ń rìn ládùúgbò, àmọ́ ajá ò jẹ́, ọlọ́kadà ò jẹ́, àwọn tó ń béèrè pé “Ṣé kò sí o? Ta ló kú?” ò sì jẹ́ rárá. Ìgbà tọ́mọ náà gbọ́, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ sétí omi ní Sátidé.” Oṣù Kọkànlá ló mú.

Ó mọ̀dí tó fi mú un. Nínú oṣù Kọkànlá, òjò ti ń palẹ̀ mọ́, adágún kún dé etí, ewé ṣì tutù, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Tó bá fi máa di ìparí oṣù Kejìlá, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á ti bo ojú ọ̀run, òkè tó dúró gbọn-in níwájú èèyàn á wá di òjìji. Tẹ́ẹ bá wá sún un dìgbà oṣù Kẹta, omi á ti fà, ẹrẹ̀ á ti yọ síta, oòrùn á sì máa gún yín lágbárí. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi kó sì rí òkè lọ́jọ́ kan náà, kó jẹ́ kí òjò fọ ojú ọ̀run fún un. Àárọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú rẹ̀ ló dáa jù.

Ẹrù wa ò pọ̀. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni Ìyá Ìbejì gbé wá, èmi gbé ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi mímu wà lọ́rùn ọmọkùnrin, nítorí òun leegun rẹ̀ ṣì le. Bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. A kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́, a sọ ibi tí à ń lọ fún wọn àti ìgbà tí a máa padà. Omi tí àwọn èèyàn ń mu ni, ilẹ̀ náà sì lólúwa; kò yẹ kéèyàn kàn ya wọbẹ̀.

Ọ̀pá ọwọ́ wa yẹn wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Eèsún ti ga ju orí wa lọ láwọn ibì kan, ìrì sì wà lára ewé rẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá wà níwájú ló ń fara gba gbogbo rẹ̀. Tó bá fi ọ̀pá gbo koríko kó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ìrì á kọ́kọ́ já sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ejò á sì gbọ́ pé èèyàn ń bọ̀. Gbogbo ejò kọ́ ló ń sá o. Paramọ́lẹ̀ kì í sá. Ó máa ń ká jọ sójú kan ni, torí àwọ̀ ara rẹ̀ bá ewé gbígbẹ mu, ó gbà pé kò sẹ́ni tó rí òun. Ìdí nìyí tí ọ̀pá fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹsẹ̀, téèyàn ò sì gbọdọ̀ jókòó sórí ìtì igi láìkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. A ò rí ejò kankan lọ́jọ́ náà, a dúpẹ́. Awọ́nrínwọ́n kan ló ti etí koríko já sómi gbàmù, Ìyá Ìbejì sì ń pe Jésù títí omi fi dákẹ́.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ìkùukùu kúrò lórí omi nígbà tí a bá bàbá apẹja kan. Ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ kan tó ti so mọ́ kùkùté, ó ń tú ẹja kúrò nínú àwọ̀n.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.”

“Òo. Ẹ kú ìrìn o.”

Mo dúró wò ó, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ra ẹja láìmọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹ̀pìyà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀gún máa ń wà lẹ́yìn ẹja yẹn. Téèyàn bá fà á sẹ́yìn, ẹ̀gún á nà ró, á sì há mọ́ ojú àwọ̀n. Bàbá ò fà á sẹ́yìn rárá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gún náà lélẹ̀ láti orí lọ sí ìrù, ó mú ojú àwọ̀n yọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjàgbọ̀n rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá rọra ti ẹja síwájú, síbi tí ẹja fúnra rẹ̀ ti fẹ́ kọjá tẹ́lẹ̀. Ó bọ́ pẹ́ẹ́. Okùn kan ò já. Èyí tó bá kéré jù, á jù ú padà, á sì bọ́ sí òmíì, bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ó bi wá níbi tí à ń lọ. A ní a fẹ́ yí adágún ká. Ó wo bàtà wa, ó wo Ìyá Ìbejì, ó rẹ́rìn-ín.

“Lónìí?”

“Lónìí ni, bàbá.”

Ó wá nawọ́ sí òkè àpáta tó wà lọ́hùn-ún, èyí tí oòrùn àárọ̀ ti ń tàn sí lára. “Ẹ má wo omi o. Omi á kàn máa tàn yín ni. Òkè yẹn ni kẹ́ẹ máa wò. Tó bá ṣì wà lápá òsì yín, ẹ ń lọ síwájú nìyẹn. Tó bá ti bọ́ sẹ́yìn yín, ẹ ti wọnú ọwọ́ omi. Ẹ má wá ibi tẹ́ẹ máa gbà kọjá níbẹ̀ o, ẹ máa lọ títí ẹ óò fi débi tí odò ń gbà wọlé.”

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe mí láǹfààní jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, òun náà ni mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ. Omi ò ní àmì. Ọwọ́ rẹ̀ kan ò yàtọ̀ sí èkejì: koríko, ọ̀pẹ, ẹrẹ̀, igi gbígbẹ tó yọrí látinú omi. Téèyàn bá ti wọ ọwọ́ kan tó sì jáde, kò ní mọ̀ bóyá ọ̀kan náà ló tún ń wọ̀. Òkè ló láàmì. Láti orí dáàmù, òkè àpáta yẹn dúró ní ẹyọ kan, orí rẹ̀ tẹ́jú. Nígbà tí a jáde látinú ọwọ́ omi àkọ́kọ́, èjìká kan ti yọ lára rẹ̀. Nígbà tó tún yá, èjìká yẹn ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, a rí i pé òkè méjì ni, pẹ̀lú igbó dúdú láàárín wọn. Ẹni tó bá ń ṣọ́ bí ojú òkè ṣe ń yí padà, kò lè sọnù. Fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ní máàpù, ó sì ṣèrànwọ́, àmọ́ máàpù ò mọ ibi tó jẹ́ àbàtà, kò mọ ibi tí eèsún ti dí ọ̀nà. Ó kàn ń fi omi hàn wá ní àwọ̀ búlúù, ó ń fi wá hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kù sọ́wọ́ wa.

Ibi tí ọwọ́ omi bá ti parí, àbàtà ló máa ń wà níbẹ̀. Ilẹ̀ náà dúdú, ó lọ́ràá, àwọn àgbẹ̀ ò sì fi í sílẹ̀: kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. A bá tọkọtaya kan nídìí kókò wọn.

“Àroko bọ́dúndé o!”

“Àṣẹ o! Ẹ kú àárọ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìkíni yẹn ló ṣí ọ̀nà fún wa. Àwọn kan tí wọ́n wá gbafẹ́ ti tẹ ewébẹ̀ wọn mọ́lẹ̀ rí, ojú tí ọkọ fi kọ́kọ́ wò wá ò dáa. Bí a ṣe kí wọn, tí a sọ ẹni tí a jẹ́, tí a sì ní a fẹ́ kí wọ́n fọ̀nà hàn wá, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sọ ọkọ́ kalẹ̀ tó ṣíwájú wa. Ó mú wa dé ibi tí wọ́n ti fi ìtì ọ̀pẹ méjì da odò kékeré náà dé. Ìyá Ìbejì ní òun ò gun ìtì kankan, òun á bọ́ bàtà, òun á bá omi kọjá, ó ṣe tán omi ò ju orúnkún lọ.

“Ẹ má wọ̀ ọ́ o, ìyá mi,” obìnrin náà wí. “Ẹ̀yin ò rí ìgbín yẹn?”

Ìgbín ọ̀hún ò ju èékánná lọ, wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ewé tó wà nínú omi. Àwọn ìgbín irú rẹ̀ ni kòkòrò àtọ̀sí ajá máa ń gbé inú wọn. Tó bá jáde látinú ìgbín, á máa lúwẹ̀ẹ́ wá ẹni tó bá kẹ́sẹ̀ bọmi, á sì gba awọ ara wọlé, láìjẹ́ pé onítọ̀hún ní egbò kankan. Ó máa ń pẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ jáde, ìgbà yẹn, ta ló máa rántí omi tó wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan? Omi tó dúró tàbí tó ń rọra ṣàn ni ìgbín yẹn fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níbi tí wọ́n bá ti ṣe dáàmù, àìsàn yẹn sábà máa ń tẹ̀ lé e. Oògùn rẹ̀ wà o, praziquantel ni orúkọ rẹ̀, àyẹ̀wò ìtọ̀ ló sì máa ń fi àìsàn náà hàn. Síbẹ̀, ó sàn kéèyàn gun ìtì ọ̀pẹ. Ìyá Ìbejì jókòó gẹṣin lé e, ó ń fà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé òdìkejì. A rẹ́rìn-ín. Òun náà rín in, nígbà tó ti dé ilẹ̀.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọ̀nà tó lọ sídìí òkè àpáta ti yọ sí wa, a ní ká gùn ún díẹ̀, ká jẹun níbẹ̀.

Òkè àpáta Ifẹ̀ ò ga títí kan ọ̀run, mi ò ní í purọ́. Ohun tó mú kó gba ojú ni pé ó kàn ṣàdédé yọ sókè láàárín igbó, ó dá dúró ní tirẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òkúta abẹ́ ilẹ̀ wa níhìn-ín ti lo ọdún tó lé ní mílíọ̀nù 500, ìdílé kan náà ni pẹ̀lú òkúta Olúmọ àti ti Ìdànrè. Ó ní nígbà kan, ilẹ̀ ga dé orí òkè yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò àti ooru ń jẹ òkúta tó bá ní ojú sísán púpọ̀, ó ń di iyẹ̀pẹ̀, àgbàrá sì ń gbé e lọ. Èyí tó le, tí ojú sísán ò pọ̀ lára rẹ̀, ló ṣẹ́ kù sókè. Nítorí náà, òkè ò wú jáde. Ilẹ̀ ló wálẹ̀ fún un. Mo bi í léèmejì kí n tó gbà á gbọ́. Ó wá fi ọwọ́ kan ibì kan tí òkúta ti ń ṣí kúrò lára òkúta hàn mí, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí èèpo àlùbọ́sà. Mo fi ìka gbá a, ó dún kó, bíi pé òfìfo wà lábẹ́ rẹ̀. Èèyàn ò gbọdọ̀ tẹ etí irú rẹ̀. Ibi tí omi òjò sì máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀, tó ti di ìlà dúdú gbọọrọ, kò yẹ ní títẹ̀ tí ìrì bá wà níbẹ̀, torí nǹkan tó dà bí ewéédò tó hù sí i lára máa ń yọ̀ gan-an. Ara òkúta tó funfun, tó rí ṣákaṣàka, ló ń di bàtà mú.

A gbọ́ ohùn àdúrà kí a tó rí àwọn tó ń gbà á. Ẹ mọ̀ pé níbi tí òkè bá wà nílẹ̀ Yorùbá, a máa rí ẹni tó gba ààwẹ̀ lọ síbẹ̀. A rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, a ò ya fọ́tò wọn, a lọ jókòó síbi tí ohùn wa ò ti ní dí wọn lọ́wọ́. Mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kan ò ka irú ẹ̀ sí mọ́. Ibi tí ẹlòmíì ti ń sunkún sí Ọlọ́run rẹ̀ ni wọ́n á gbé rédíò sí. Kò dáa.

Láti orí ibẹ̀, gbogbo adágún hàn kedere. Omi ń dán, ọwọ́ rẹ̀ gbogbo nà káàkiri wọ inú igbó, a wá ń ka èyí tí a ti là kọjá àti èyí tó kù. Èyí tó kù ló pọ̀ jù. Òrùlé yunifásítì ń yọ láàárín igi, ìgboro Ifẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú páànù dídípẹtà, òkè sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Ìtàn tí a bá nílẹ̀ ni pé orí Òkè Ọ̀rà, tó wà ní ìhà ìlà oòrùn ìlú, ni Odùduwà kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kó tó sọ̀ kalẹ̀ wọ Ifẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ó wọ etí kan, ó gba èkejì jáde. Ọjọ́ tí mo jókòó sórí àpáta tí mo rí i bí ilẹ̀ ṣe jìn sáàárín àwọn òkè ni ó tó yé mi ìdí tí ẹni tó bá fẹ́ gba ìlú kan fi máa kọ́kọ́ wá orí òkè jókòó sí. Ó máa rí omi wọn, ó máa rí èéfín ìdáná wọn, ó máa mọ ibi tí wọ́n ń gbà lọ sóko.

Ẹ̀kọ ò tíì tán lọ́wọ́ wa nígbà tí atẹ́gùn tutù kan fẹ́. Ìkùukùu dúdú ti ń kóra jọ lápá ìlà oòrùn. Òjò ìparí ọdún kì í pẹ́, àmọ́ ó máa ń bínú wá, àrá rẹ̀ sì pọ̀. Ìyá Ìbejì ní ká dúró kó rọ̀ tán, ó ṣe tán a ti ní agboòrùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Orí àpáta gbalasa, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ló ga jù, àrá ò sì ń wá ẹlòmíì. Bákan náà ni kò yẹ kéèyàn sá sábẹ́ igi ńlá tó dá dúró. Gbàrà téèyàn bá ti gbọ́ ìró àrá, àní kó jìnnà, kó sọ̀ kalẹ̀ wọ ibi tí igbó ti gbára jọ, kó jìnnà sí etí omi pẹ̀lú. Ẹ̀sọ̀ la fi sọ̀, a ń lo ìdí níbi tó bá dàgẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka igi ya mí lápá níbẹ̀, ọmọ náà já ewé Akíntọ́lá, ó rún un, ó fún omi rẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ sì dá.

A ò yí adágún ká. Ibẹ̀ la ti gba ọ̀nà tó yá lọ sí títì, òjò sì bá wa níwájú ilé ẹ̀ṣọ́, lábẹ́ òrùlé. Wọ́n ní àwọn ti ń bi ara àwọn léèrè nípa wa. Ara mi ò bàjẹ́ rárá pé a ò parí rẹ̀, nítorí òkè ti jẹ́ kí n rí iye tó kù, mo sì mọ ẹsẹ̀ ara mi. Àpò kan kún fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lọ́wọ́ wa, tiwa àti èyí tí a ṣà lọ́nà. Ẹni tó ń ju ọ̀rá sétí omi tí wọ́n ń fà wá sẹ́nu ẹ̀rọ ilé rẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń rò.

Ìyá Ìbejì ló wá ń yọ mí lẹ́nu báyìí. Láti ọjọ́ tó ti gun ìtì ọ̀pẹ yẹn, ó ti di ògbóǹkangí. Ó ní kí ọdún tó yí po, ká gba Iléṣà kọjá lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ká lọ gun òkè tí omi Olúmirin ti ń já bọ́. Ìpele méje ni Olúmirin ní, ó sì ní òkè pátápátá lòun máa dé. Mo ti sọ fún un pé ìpele kejì ni màá ti máa ṣọ́ ẹrù.